Ọbẹ̀ Àná Ńkọ́, Mama?

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé ẹnu géètì. Òjò ti fi gbogbo òru rọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, omi ṣì ń kán láti etí tapólì búlúù tí wọ́n ta síwájú ilé ìwòsàn náà. Àga oníke mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ rẹ̀, àga kan sí èkejì tó ìgbésẹ̀ gígùn méjì, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sílẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ kò bára wọn sọ̀rọ̀. L'Ékòó, níbi tí àjèjì méjì kì í pẹ́ lórí ìlà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye tí gàrí dà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn wúwo létí mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni. Àrùn kòrónà ti pé oṣù mẹ́rin láàárín wa. Ilé ìwòsàn ìjọba ni ibi tí mo wà, mo sì ti bẹ àwọn aláṣẹ ibẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi odidi ọjọ́ kan tẹ̀ lé àwọn aláìsàn láti ẹnu géètì dé orí bẹ́ẹ̀dì. Àdéhùn mẹ́ta ni wọ́n bá mi ṣe: n kò ní ya fọ́tò, n kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tàbí aláìsàn kankan, n kò sì ní fọwọ́ kan ìbomú mi lẹ́yìn tí mo bá ti wọ̀ ọ́.

Mo ní ìdí tí mo fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì. Ní oṣù Kẹrin, nígbà tí kónílé-ó-gbélé ṣì le, a gbé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ara wọn gbóná, wọ́n sì ń wúkọ́. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì fi gbọ́ ikọ́ náà. Ó ti géètì, ó wá ń fi ọwọ́ lé wa láti inú bí ìgbà tí èèyàn ń lé adìẹ. Ilé ìwòsàn kẹta ló gbà wá. Ara Bàbá yá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí a bá béèrè àlàáfíà wọn, "Ara le, kò sí nǹkan kan" ni wọ́n máa ń sọ, bí èémí wọn tilẹ̀ ń ké fín-ín-fín-ín. Géètì kan ló kọ́ wọn ní irọ́ yẹn.

Ní géètì tí mo wà lọ́jọ́ yìí, obìnrin kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún ló wà nídìí tábìlì àkọ́kọ́. Wọ́n fi aṣọ ìdáàbòbò wé e láti orí dé ẹsẹ̀, ìbomú bo ìdajì ojú rẹ̀, ike tó mọ́ gaara sì bo ìyókù. Ẹyinjú rẹ̀ nìkan ni mo rí. Sí àyà aṣọ náà, ó fi gègé dúdú kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: ÌYÁ ÌBEJÌ. Nọ́ọ̀sì ni, orúkọ tí gbogbo ilé ìwòsàn sì ń pè é nìyẹn. Ó ní bí aláìsàn kò bá rí ojú èèyàn, ó yẹ kó rí orúkọ tó lè pè.

Ìyá àgbà kan ló jókòó sórí àga kìn-ín-ní. Ọmọ wọn ọkùnrin dúró lẹ́yìn ìlà, ó gbé báàgì dání. Ìyá Ìbejì dúró sẹ́yìn ìlà tirẹ̀, ó tẹ orúnkún méjèèjì wálẹ̀ nínú aṣọ rọ́bà yẹn, aṣọ náà ń dún wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Mama. Ẹ kú òjò òru."

"Káàárọ̀ o, ọmọ mi."

"Ṣé ara le, Mà?"

"A dúpẹ́. Ara le koko."

Ìyá Ìbejì wolẹ̀, kò kọ nǹkan kan. Ó wá béèrè bóyá wọ́n sùn dáadáa. Mama ní àwọn sùn. Ó béèrè pé irọ́rí mélòó. Mama rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Ìjókòó ni mo sùn, lórí àga. Bí mo bá nà gbalaja, ó máa ń dà bíi pé ẹnìkan jókòó lé mi láyà." Ìyá Ìbejì kọ ìyẹn sílẹ̀.

"Ọbẹ̀ àná ńkọ́, Mama? Kí lẹ jẹ?"

"Ẹ̀fọ́ rírò. Ìyàwó ọmọ mi ló sè é. Ọmọ dáadáa ni o, àmọ́ ewé tútù ni mo ń jẹ. Kò fi iyọ̀ sí i, kò fi irú sí i."

Ọmọ wọn pariwo láti ẹ̀yìn ìlà: "Mama, irú wà nínú ẹ̀fọ́ yẹn o! Gbogbo ilé ló ń gbóòórùn rẹ̀."

Mo rí i bí gègé Ìyá Ìbejì ṣe dúró díẹ̀ lórí ìwé. Ó yí nọ́ńbà kan po. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn sókè, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ rí nígbà Ebola ní ọdún 2014, ó nà án sí iwájú orí Mama. 37.1. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ yẹn nìkan ló ń ṣọ́ géètì, Mama ì bá ti bá àwọn aláboyún àti ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ wọlé.

"Kí lẹ lò láàárọ̀ yìí, Mà?"

"Panadol méjì. Àti àgbo ibà díẹ̀."

Lẹ́yìn tí Mama kọjá sí tábìlì kejì, mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì ìdí tí kò fi béèrè ikọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá bi Yorùbá pé ṣé ara le, a dúpẹ́ ni yóò sọ, kódà bó jẹ́ orí àkéte ni wọ́n fi gbé e wá. Kò purọ́. Kíkí ni mo kí i, ó sì dá mi lóhùn. Èmi ni mo jẹ̀bi bí mo bá lọ kọ ìkíni sílẹ̀ bí àbájáde àyẹ̀wò."

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kó fún wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí tí èèyàn yóò máa fi àmì sí: ibà, ikọ́, ọ̀fun dídùn, èémí kíkúrú. Ó ń kún un, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ ló ń gbà débẹ̀. Mo jókòó tì í fún wákàtí méjì, mo ń gbọ́. Ó bi obìnrin ọlọ́jà kan pé ṣé ó ṣì lè polówó ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin. Ó bi Ààfáà kan pé ṣé wọ́n ṣì lè ka Fátíà tán láìdúró mí. Ọ̀dọ́kùnrin kan, ó ní kó sọ iye àtẹ̀gùn tó wà nílé wọn, àti èwo ló ti máa ń sinmi. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní ibòmíràn tó ń darí rẹ̀ sí pẹ̀lú, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife. Ìbéèrè kan wà lórí fọ́ọ̀mù náà tí kì í fi àkókò ṣòfò lé lórí mọ́: ṣé ẹ ti rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun? Nígbà tí àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ hàn ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ọmọ Ítálì kan tó balẹ̀ sí Èkó tó sì kọjá lọ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìbéèrè yẹn ni ọba ìbéèrè. Ní oṣù Kẹfà, àrùn náà ti ń wọ dáńfó. Kò nílò pápákọ̀ òfuurufú mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú iṣẹ́ yìí ṣòro lọ́dọ̀ wa ju ti àwọn ìlú òtútù lọ. Ara gbígbóná, orí fífọ́, kí gbogbo oríkèé máa ro èèyàn: ibà lásán ni gbogbo wa ń pe èyí láti kékeré. Bó bá sì ti jẹ́ ibà, a mọ kẹ́míìsì tí a ó lọ, a sì mọ ẹni tó ń ta àgbo ní ìdíkọ̀. Oṣù Kẹfà sì ni àkókò òjò, tí ẹ̀fọn pọ̀ bí iyanrìn. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin tó wà ní tábìlì kejì sọ fún mi pé bí òun bá to ẹni tó ní máláríà, ẹni tó ní ọ̀fìnkìn líle, àti ẹni tó ní kòrónà sórí bẹ́ńṣì kan, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí Panadol bá ti mú un tutù, ni wọ́n ń gún níka fún àyẹ̀wò ibà; láàárín ogún ìṣẹ́jú, ìlà pupa yóò yọ tàbí kó má yọ. Ó sì fi kún un pé bí ìlà bá yọ, òun kò gbọ́dọ̀ sinmi, nítorí èèyàn kan náà lè ru àrùn méjì pọ̀.

Ìlà Mama kò yọ.

Àgọ́ kékeré kan wà lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba nǹkan imú lọ sí láàbù. Ọ̀pá tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igbálẹ̀, òwú díẹ̀ lórí, wọ́n á tì í lọ tààrà sínú imú títí dé ẹ̀yìn ọ̀fun, wọ́n á yí i, wọ́n á ka iye díẹ̀, wọ́n á fà á jáde. Ó ń mú omi bọ́ lójú èèyàn. Wọ́n fi ọ̀pá náà sínú ìgò, wọ́n gbé ìgò sínú kúlà oníyìnyín. Èsì yóò gba ọjọ́ mélòó kan. Ìtọ́jú kì í dúró de èsì o, èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á mọ̀. Ẹni tó ń jìjàkadì pẹ̀lú èémí kò gbọ́dọ̀ jókòó máa retí ìwé.

Ohun tó ń pinnu ẹni tó máa lọ sílé àti ẹni tó máa dúró ni ẹ̀rọ kékeré kan tó rí bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ sórí okùn. Wọ́n á fi há ìka, iná pupa á tàn wọ inú ẹran ara, nọ́ńbà á sì jáde, tó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún sókè, ọkàn balẹ̀. Bó bá ti já wá sí 93 sí ìsàlẹ̀, aláìsàn yóò dúró. Làálì wà lọ́wọ́ Mama, ti Ìtùnú Ààwẹ̀ tó kọjá lóṣù kan sẹ́yìn. Ó ti parẹ́ lára awọ, àmọ́ ó ṣì pọ́n lórí èékánná bí ẹyin iná. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò fẹ́ kí làálì ṣi ẹ̀rọ lọ́nà. Ó ń ṣí ìka Mama lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, títí tó fi kan ọmọńdinrín ọwọ́ òsì tí làálì kò kàn. Ó fi ẹ̀rọ há a. 91.

Lórí àga kẹsàn-án, awakọ̀ dáńfó kan ń fi fóònù bá ẹnìkan ṣàdéhùn nípa táyà. Ara rẹ̀ fẹ̀, ohùn rẹ̀ ròkè. Ìyàwó rẹ̀ ló fipá mú un wá, ó sì ti sọ fún gbogbo wa pé ọ̀fìnkìn lásán ló ń ṣe òun, òun ní láti padà sí gárèjì kí ọ̀sán tó pọ́n. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ há ìka rẹ̀. 82.

"Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn. Ó yọ ẹ̀rọ náà, ó fi oògùn nù ún, ó fi há ìka ara rẹ̀, ó sì nà án sí i kó rí i. 98. Ó tún un nù, ó dá a padà sí ìka awakọ̀ náà. Gbogbo wa jọ ń wò ó: 82, 83, 82. Ọkùnrin náà wo nọ́ńbà yẹn pẹ́. Ó gbé fóònù sétí padà, ó ní, "Màá pè yín padà," ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Irú èyí wọ́pọ̀ nínú àrùn náà: ọ́síjìn á ti gbẹ nínú ẹ̀jẹ̀ tán, kí ẹni náà tó mọ̀ pé èémí ń tán lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni mo wá ka ìwádìí àwọn dókítà Amẹ́ríkà kan tó fi hàn pé ẹ̀rọ yìí máa ń fi ọ́síjìn èèyàn dúdú hàn ju bó ṣe wà lọ, pé àwọn tí ọ́síjìn wọn ti lọ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ kò sì rí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo kà á. Mo rántí àwọn tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 95 lọ́jọ́ yẹn, tí a dágbére fún pé kí wọ́n máa lọ sílé. Mo sì rántí Ìyá Ìbejì, tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan dáhùn ìbéèrè rẹ̀ fún un.

Awakọ̀ náà fẹ́ sá lọ. Kò sáré o, ó kàn dìde, ó ń wo géètì. Ó ní wọ́n máa wá fi ọkọ̀ tó ń ké kó òun lójú àdúgbò, wọ́n máa wá fín oògùn sí ilé òun, onílé á ní kí òun kó jáde. Kò sí ìkankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo lè pè ní àsọdùn. Ẹ̀rù yìí ti pẹ́ l'Ékòó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀fìnkìn apani tó jà káyé wá sí èbúté wa. Ìjọba òyìnbó rán àwọn wolé-wolé láti ojúlé dé ojúlé pé kí wọ́n máa wá aláìsàn jáde, àwọn ará ìlú sì ń fi èèyàn wọn pa mọ́; ọ̀pọ̀ fi Èkó sílẹ̀, wọ́n gba òkè lọ, àìsàn sì bá wọn lọ. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 èèyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà. Ìyá Ìbejì fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró sí ìwọ̀n tó yẹ sí ọkùnrin náà. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jókòó. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà onílé yín, èmi fúnra mi ni màá pè é." Ó jókòó.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó wọ inú. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá, fèrèsé ṣí gbayawu, fáànù òkè wà ní pípa. Ariwo kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ti ọ́síjìn tó ń ru gùdùgùdù nínú ìgò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì dojú bolẹ̀, irọ́rí wà lábẹ́ àyà wọn. Dókítà ní ìdùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró ráyè mí. Kò sí oògùn ìyanu níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta, lẹ́yìn tí ààrẹ Amẹ́ríkà ti yin chloroquine, wọ́n gbé àwọn tó lò ó lálòjù wá sí ilé ìwòsàn l'Ékòó. Nígbà tí mo fi wọ yàrá yìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dá àyẹ̀wò hydroxychloroquine, ìbátan rẹ̀, dúró, kò ṣe aláìsàn láǹfààní.

Èyí tó wà lórí tábìlì oògùn ni dexamethasone. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Oxford kéde, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, pé ó ń dín ikú kù: ìdá kan nínú márùn-ún láàárín àwọn tó ń gba ọ́síjìn, ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Mílígíráàmù 6 lóòjọ́, kó má kọjá ọjọ́ mẹ́wàá. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin yẹn gbé páálí rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ mọ ìdí tí ẹ̀rù èyí fi ń bà mí? Kò wọ́n. Àwọn kan ti ń rà á tipẹ́ ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sanra." Ẹni tí kò nílò ọ́síjìn kò ní rí èrè kankan nínú rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n kọ ìyẹn síwèé. Mo ti kọ ọ́.

Àwọn tí ara wọn kò le jù, ilé ni wọ́n ń lọ, pẹ̀lú Panadol, omi púpọ̀, yàrá ọ̀tọ̀ àti fèrèsé ṣíṣí. Mo gbọ́ tí ìyàwó ilé kan béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé yàrá ọ̀tọ̀ wo, nínú ilé tí èèyàn mẹ́fà ń sùn sí yàrá kan. Nọ́ọ̀sì náà jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn fún ìdajì wákàtí, wọ́n jọ ń wá ẹni tí ọmọ lè lọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n jọ ń wo ibi tí orí ẹní yóò kọjú sí.

Aago mẹ́rin kọjá ni Ìyá Ìbejì bọ́ aṣọ. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dúró síwájú rẹ̀, ó ń pe ìgbésẹ̀ fún un bí ẹni ń pe ìwé: ibọ̀wọ́ òde, fọwọ́, aṣọ, ká a láti inú síta, fọwọ́, ike ojú, láti ẹ̀yìn, fọwọ́. Ìbomú ló gbẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀. Ìbomú ti fa ilà pupa sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì bí àbàjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Láti àárọ̀, kò mu omi, kò tọ̀, torí aṣọ kan ṣoṣo ló wà fún un lóòjọ́. Ó mu ìgò omi kan lórí ìdúró, ó gbé fóònù, ó pe onílé awakọ̀ náà.

Awakọ̀ náà kú ní ọjọ́ kẹrin. Ìyá Ìbejì ló pè mí. Ó ní onílé náà wá sí géètì fúnra rẹ̀, ó gbé oúnjẹ wá fún un lẹ́ẹ̀mejì kó tó dákẹ́.

Mama lo ọjọ́ mẹ́tàlá lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí oṣù Keje ń parí lọ, mo wà pẹ̀lú Ìyá Ìbejì nígbà tó ń pe àwọn tó ti relé, bó ti ń ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ìwé àjákọ ló fi ń ṣe é, orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ó ṣí ohùn fóònù sí gbangba kí èmi náà lè gbọ́.

"Ẹ káàsán o, Mama. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́, Ìyá Ìbejì. Ara le koko."

"Ọbẹ̀ àná ńkọ́, Mà?"

Mama kọ́kọ́ pọ̀ṣẹ́. "Ẹ bá mi bá ìyàwó ọmọ mi sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Irú tó ń dà sí ẹ̀fọ́ yìí ti pọ̀ jù."